Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé kò sí èèyàn nínú ilé náà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tó wà ní títì l'Ákúrẹ́ níbí, yálà ilé òbí ni o àbí èyí tí ẹ kọ́ sílẹ̀ tí ẹ wá wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Màmá wa ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn, ilé bàbá wa ní Ọba-Ilé wá di èyí tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí mọ́, làwa ọmọ bá ní ká ṣe ìnṣọ́ránsì sí i. Ejẹ́ńtì tó gbé fọ́ọ̀mù wá sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé màmá ṣì ń gbé níbẹ̀, owó ẹ̀ ò ní pọ̀." Mo ní rárá, mi ò ní kọ ọ́.

Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì iná ló ní gbólóhùn kan nínú, wọ́n á ní tí ilé bá ti ṣófo ju 30 ọjọ́ lọ, ààbò ti kúrò lórí ẹ̀ àyàfi tí ilé iṣẹ́ wọn bá ti mọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá wá purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ ó máa sanwó lọ́dọọdún ni o, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n á rán ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wá, àwọn aládùúgbò á sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí èèyàn nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Torí náà lẹ́tà ni mo kọ, mo ní kò sí ẹni tó ń gbébẹ̀, mo sọ ẹni tó ń bójú tó o, mo sì ní kí wọ́n fi èsì sínú ìwé. Wọ́n fi owó kún un lóòótọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè iná ìgbẹ́ dáadáa. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí lásìkò ọyẹ́, ẹnì kan á dáná sun koríko lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wọ ọgbà ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ìwé iná lásán sábà máa ń yọ iná ìgbẹ́ kúrò, àfi kí ẹ ní kí wọ́n fi kún un. Bákan náà ni ìjì tó ń ṣí páànù, èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́tọ̀ ni. Ti olè, wọ́n á fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti já ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ ló tú pọ́ńpù omi àti wáyà lọ, ẹ má retí owó.

Iye tí ẹ máa kọ sínú fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Iye tí yóò ná yín láti tún ilé kọ́ ni o, kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á pẹ̀lú ilẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 40 náírà ló máa gbà láti tún un kọ́, ẹ wá kọ 20 kí owó lè kéré, tí ohun tó bàjẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 6, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n lè san, torí ìdajì ilé lẹ ṣe ìnṣọ́ránsì fún. Pẹ̀lú bí owó sìmẹ́ńtì ṣe ń lọ sókè yìí, iye ti èṣí ò lè tó mọ́.

Ní báyìí, ọmọ aládùúgbò wa ló ń gé koríko yí ilé ká, a ti ní kí wọ́n já iná mànàmáná kúrò lára ilé, tí mo bá lọ wò ó mo máa ń ya fọ́tò sínú fóònù kí ọjọ́ ẹ̀ lè hàn. Owó ti ọdún tó ń bọ̀ náà, kó tó pé ni màá san án, torí àtoṣù kìíní 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, ti fọwọ́ líle mú un pé ẹni tí ò bá tíì sanwó, kò tíì ní ìnṣọ́ránsì kankan.