Ohun tí àwa olùgbọ́ ní Adó-Èkìtì ń sọ nípa Deltron 3030

Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni àwo orin Deltron 3030 jáde, ṣùgbọ́n àìpẹ́ yìí ni mo tó fi lé àwọn ènìyàn mi lọ́wọ́ ní Adó-Èkìtì, tí mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo orin kankan. Èrò wọn kò ṣọ̀kan rárá. Mo fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí n sì sọ ibi tí èmi dúró sí, nítorí mo fẹ́ràn àwo orin yìí gan-an, mo sì gbà pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kà sí àléébù rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Àwọn mẹ́ta ló ṣe é. Del the Funky Homosapien, ọmọ Oakland ní ìpínlẹ̀ California, ló ń ṣe ráàpù inú rẹ̀. Dan the Automator, ará San Francisco, ló to ìlù àti orin tó gbé ọ̀rọ̀ náà. Kid Koala, DJ ará Kánádà, ló ń fi ọwọ́ yí àwo síwá-sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ títí tí àwo náà yóò fi máa dáhùn bí ènìyàn. Orin 21 ló wà nínú rẹ̀, ó sì tó wákàtí kan kó tó tán. Ọdún 3030 ni ìtàn náà wáyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣàkóso ayé, ṣùgbọ́n Deltron Zero, akọni ìtàn náà tí Del ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ti jẹ́ ọmọ ogun rí, tó sì mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, kọ̀ láti sìn wọ́n. Ó ń sá kiri láàárín àwọn ìràwọ̀, ó sì ń fi ráàpù wọ̀yá ìjà, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, ìdíje ráàpù ti di ogun gidi.

Àríwísí tó wúwo jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ajílòsùn tó fi iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún àwọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé: “Ọmọ mi, níbo gan-an ni ọkùnrin yìí forí lé? Ó ní òun ń jà, n kò rí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó ní òun ń sá, n kò mọ ibi tó sá dé.” Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó lórí tó nírù, níbi tí akọni yóò ti jáde nílé, tí yóò la ìpọ́njú kọjá, tí yóò sì gbé ohun tó lọ wá bọ̀ wálé, kò ní rí i níbí. Mo fèsì pé alámọ̀ àwa Èkìtì pàápàá kì í tẹ̀lé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, pé ẹni tí alámọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀ lè ti orí oríkì bọ́ sórí arò, kó tún ti ibẹ̀ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó ṣìnà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ṣùgbọ́n nígbà tí alámọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, òkú wà nílẹ̀, tàbí kí ìyàwó jókòó níwájú wa. Gbogbo wa la mọ ohun tó kó wa jọ. Ta ló mọ ohun tó kó wa jọ sínú orin tìrẹ yìí?”

Ọ̀rọ̀ náà mú mi dákẹ́, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ìdáhùn tí mo rí ni pé nínú àwo orin yìí, ohùn orin fúnra rẹ̀ ló kó wa jọ. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti sọ fún wa pé ilẹ̀ ti ṣú mọ́ aráyé.

Ẹ gbọ́ orin tó ń jẹ́ 3030, tó gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ. Ohùn ẹgbẹ́ akọrin àti fayolíìnì tó gbé e dìde kì í ṣe iṣẹ́ tuntun rárá. Inú orin William Sheller, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni Automator ti gé e, láti inú àwo Lux Aeterna ti ọdún 1972. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò lójú ọ̀nà Ìwòròkó fi íápíìsì sétí, ó di ojú, bí ìlù sì ṣe wọlé báyìí, ó na ìka ìfábẹ̀lá sókè, ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ bí ìlù yẹn ṣe gbẹ, àfi bíi pé inú yàrá kékeré ni wọ́n ti ń lù ú, tí àwọn tó ń kọrin sì wà lókèèrè réré.” Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni n kò tún gbọ́ orin náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nítòsí etí wa, ayé tó tóbi tó sì tutù wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní sítúdíò kò gbà. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá ní òun ń kọrin nípa ẹgbẹ̀rún ọdún tó ń bọ̀, ó yẹ kí àwọn gbọ́ ìró rọ́bọ́ọ̀tì àti ẹ̀rọ tí etí kò gbọ́ rí, kì í ṣe fayolíìnì. Ibí yìí gan-an ni mo ti yapa sí wọn. Ìró ẹ̀rọ tó dà bí ohun àrà ní ọdún 2000 ti di ohun tí fóònù olówó pọ́ọ́kú ń ṣe lónìí, tí Automator bá sì fi irú ìró bẹ́ẹ̀ kọ́ ayé rẹ̀, ìbá ti di ohun ẹ̀rín. Orin tó ti gbó kí wọ́n tó lò ó kò ní ibi tí yóò tún gbó sí. Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn náà jẹ́ ti ayé tó ti bàjẹ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi àlòkù tún ara wọn ṣe, ó sì tọ́ kí orin rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ àlòkù tí wọ́n tún ṣe.

Virus ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Nínú rẹ̀, Deltron ní òun fẹ́ ṣe fáírọ́ọ̀sì kan tí yóò wó kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ palẹ̀, tí yóò sì dá wọn padà sí ayé ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì sọ pé àsọdùn ni, pé fáírọ́ọ̀sì kan kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 kan náà ni fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, tó wọ inú àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi ní láti ti ẹ̀rọ ímeèlì rẹ̀ pa. Del ti gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó wá sọ ohun tí mo kà sí ọ̀rọ̀ tó dára jù nínú gbogbo àríyànjiyàn wa: pé ohun tó jọ òun lójú kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà bí kò ṣe ìbínú tó bí i, nítorí pé òun ní láti ra dátà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kí òun tó lè gbọ́ orin tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá jà.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Lóòótọ́, Del ń ki ọ̀rọ̀ mọ́ra bí ẹni ń di ẹrù ọjà sínú bọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ka ọ̀rọ̀ orin náà lójú ìwé bó ṣe ń gbọ́ ọ yóò pàdánù púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní kò sí obìnrin tó rí ìpín gidi kó nínú ìjà náà. N kò ní èsì fún un, ó jàre.

Ó ku Event II, àwo orin kejì tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe, tó jáde ní ọdún 2013. Àbúrò mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ dáadáa. Èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn Zack de la Rocha, olórin ẹgbẹ́ Rage Against the Machine, nínú orin tó ń jẹ́ Melding of the Minds wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n àwàdà The Lonely Island, ẹgbẹ́ aláwàdà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn àlejò tó pọ̀ níbẹ̀ ń gé ọkàn mi kúrò nínú ìtàn náà. Nínú ti àkọ́kọ́, bí Damon Albarn, olórin ẹgbẹ́ Blur, àti Sean Lennon, ọmọ John Lennon, tilẹ̀ kọrin, inú ayé Deltron ni wọ́n ti kọ ọ́. Nínú Event II, mo máa ń gbọ́ àlejò gẹ́gẹ́ bí àlejò.