Ohun tí àjàrà kọ́ ọmọ adẹ́mu

Òkun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Kàbbà ni ẹ ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì pupa, àti bóyá àwa náà lè ṣe é nílé. Ìkórè méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà kan ní Stellenbosch, ní Gúúsù Áfíríkà. Nísinsìnyí, ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò ni mo fi ń ṣe tèmi.

Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Adẹ́mu ni bàbá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹmu tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ń dùn bí oyin, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń pani, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ó ti kan. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ọtí. Lẹ́yìn náà, kòkòrò mìíràn tó fẹ́ràn afẹ́fẹ́ á wá sọ ọtí náà di kíkan. Ọ̀nà yìí gan-an ni àjàrà ń tọ̀. Ibi tí ẹmu fi ọjọ́ méjì sáré kọjá, wáìnì ń fi ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn ín, iṣẹ́ wa sì ni pé kó dúró kó tó dé ibi kíkan.

Láti oko ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ìkórè wọn máa ń bọ́ sí oṣù kejì àti ìkẹta, ìgbà tí kajú tiwa náà ń pọ́n. Ìdájí la máa ń jáde, kí èso lè dé ilé iṣẹ́ ní tútù. Ọ̀gá wa kì í fi ojú nìkan mọ èso tó gbó. Á já ọ̀kan, á fi eyín pa kóró inú rẹ̀. Bí kóró bá ṣì tutù, tó sì ń há ọ̀fun bíi kajú tí kò tíì pọ́n, a ó padà sílé. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń ró pàkàpàkà lẹ́nu, nígbà náà ni wọ́n á kán omi èso sójú dígí kékeré kan tó ń ka ṣúgà. Tí ó bá ka nǹkan bí 24 nínú 100, ọtí tó máa jáde níbẹ̀ á tó 13 tàbí 14 nínú 100. A ò sì lè bẹ èso tí a já ṣáájú àkókò pé kó gbó nínú táǹkì.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu rèé. Pinotage la ń já lọ́jọ́ náà, àjàrà tí Abraham Perold fi Pinot Noir àti Cinsaut bí ní Stellenbosch ní 1925. Ó dúdú bí ìwo. Mo fún ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́, omi rẹ̀ kò sì pupa! Inú èèpo ni pupa wà, ibẹ̀ náà ni ohun tó ń mú kí ọtí há ọ̀fun wà. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í sẹ́ omi kúrò lára èèpo tí wọ́n bá fẹ́ wáìnì pupa. Wọ́n á yọ igi rẹ̀, wọ́n á fọ́ èso, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú táǹkì.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, gáàsì á gbé èèpo sókè, á dì bí ọmọrí lórí omi. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á gbẹ, ibẹ̀ ni kíkan ti máa bẹ̀rẹ̀. A máa ń tì í wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Orí pákó ni mo máa ń dúró sí, pẹ̀lú ọ̀pá tí irin pẹlẹbẹ wà nídìí rẹ̀. Tí mo bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kì í gbà, bí ẹni ń tẹ fóòmù. Màá gbé ara lé e, á já lójijì, ìfófòó aláwọ̀ àlùkò á ru jáde, ooru inú rẹ̀ á kàn mí lójú. Ẹ gbọ́ o: ẹ má gbé orí wọ inú táǹkì tó ń hó láéláé. Gáàsì yẹn kò ṣeé rí, ó sì ti pa àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé wáìnì.

Ooru ni ọ̀tá wa níhìn-ín. Wáìnì pupa fẹ́ kí ìgbóná wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá ń kọjá 35, ìwúkàrà á rẹ̀, á fi ṣúgà sílẹ̀ láìjẹ tán. Wọ́n ní ẹ̀rọ atutù lọ́hùn-ún. Èmi, ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń ṣe tèmi, nígbà tí ìṣápá ti gbẹ, màá gbé dúrọ́ọ̀mù sínú omi, màá fi àpò tútù wé e. Ìṣápá kò ní ṣúgà tó lè di ọtí, kò dà bí àjàrà tó gbé tirẹ̀ wá, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ wọn ṣúgà sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má bù ú ní ìfojúdá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á fún èèpo, omi á lọ sínú àgbá igi óákù. Kíkan líle bíi ti ápù tútù á yí padà níbẹ̀ di kíkan jẹ́jẹ́ bíi ti nónò. Àgbá kan gba lítà 225, ìyẹn 300 ìgò. Igi ń mí, ọtí ń dín kù, torí náà wọ́n máa ń rọ ọ́ kún kí àyè má sí fún afẹ́fẹ́. Wọ́n tún ń fi rọ́bà fa ọtí kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì fi imí ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ìgò ni mo ti jìyà. Wáìnì ìṣápá mi àkọ́kọ́ dákẹ́, mo rò pé ó ti parí, mo rọ 36 ìgò, mo dé wọn pa. Oṣù kẹta ni ooru dé. Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ gbàù, mo tún gbọ́ gbàù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, 11 ti bẹ́, àjà yàrá pupa, ìfọ́ ìgò wọ inú ibùsùn tí àbúrò mi ì bá sùn sí ká ní kò lọ sí Ìyàrà. Ọyẹ́ ló mú ìwúkàrà sùn, ṣúgà ṣì wà níbẹ̀. Hydrometer, òṣùwọ̀n tó ń léfòó, ì bá ti sọ fún mi. Omi lásán jẹ́ 1.000. Omi àjàrà tuntun máa ń sún mọ́ 1.100 nítorí ṣúgà. Wáìnì tó ti parí á bọ́ sísàlẹ̀ 1.000 díẹ̀, torí ọtí fúyẹ́ ju omi lọ. Ẹ wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá yẹ̀, tó sì wà nísàlẹ̀ 1.000, ẹ lè rọ ọ́.

Ọdún tó kọjá mo bu èyí tó jókòó dáadáa fún bàbá mi nínú ahá rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yí ahá síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ìfófòó. "Èyí ò hó mọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, oṣù mẹ́rìnlá ló fi dákẹ́. Ó mu ún, ó dá a dúró lẹ́nu díẹ̀, ó na ahá sí mi pé kí n bu sí i.