Àyẹ̀wò ọdún 2025: ọdún tí a ta Adúmáadán

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ mọ̀ pé lóṣooṣù ni mo máa ń to ọdún fún yín: oṣù yìí, báyìí ló ṣe; oṣù yẹn, báyìí ló já. Ti ọdún yìí kò ṣeé tò. Mo kọ "oṣù Kìn-ín-ní" sórí ìwé, mo wò ó títí, ohun tí mo rántí kò ju pé a san owó ilé, onílé sì tún rojọ́. Láti ibẹ̀ dé oṣù Keje, iṣẹ́ ni, ìbejì ni, owó epo ni. Ẹni tó bá rí mi lóṣù Kẹrin, kó jọ̀ọ́ bá mi rántí ohun tí mo ń ṣe. Òru kan péré nínú oṣù Kẹjọ ló gbé gbogbo ọdún mì.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: a ti ta Adúmáadán, mọ́tò Toyota Celica mi.

Ẹ má tíì kí mi kú ọ̀fọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé o ò lè yáwó ni?" A yá. Àwọn tí a yá lọ́wọ́ wọn pọ̀ débi pé wọ́n lè yan alága àti akọ̀wé láàárín ara wọn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, rí àyè másítà nílùú Ọba. Ẹ sì mọ bó ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn ọmọ á ti sùn, tí èmi náà á ti máa hanrun, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá wá ka másítà kò gbọdọ̀ kó ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún bá jẹ́ ti ìwádìí. Ti Ìyá Ìbejì kì í ṣe ti ìwádìí. Òun nìkan ni yóò lọ nìyẹn.

Owó ilé ìwé ti gbọn àpò wa gbẹ. Físà ṣì wà níwájú, owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà ṣì wà níwájú, tíkẹ́ẹ̀tì, yàrá. Ohun tó ṣeé tà nínú ilé kò pọ̀: jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi, Adúmáadán. Kò sẹ́ni tó bèèrè èmi.

Ẹ rántí pé láti ọjọ́ tí mo ti gbé mọ́tò yẹn wọlé ni Ìyá Ìbejì ti ń pè é ní orogún rẹ̀. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á ní, "Tó bá jẹ́ orogún mi ló rán ọ, o ò bá ti sáré." Ó wá di pé a ó ta ìyàwó kejì kí ìyálé lè rí bàálù wọ̀. Mo bi Bàbá Ìtòkò bóyá àwọn àgbà Ẹ̀gbá ní òwe kankan fún irú èyí. Bàbá ní òun kò gbọ́ ọ rí, pé kí n lọ sùn.

Oníbàárà wá láti Ìbàdàn. Mo sọ gbogbo ìwà ọmọ fún un, n kò fi ìkankan pamọ́. Celica 2001, dúdú bí ẹyin ojú. Ẹ̀ńjìnnì 1ZZ ló gbé, 1.8 lítà, agbára ẹṣin 140, irú èyí tó wà nínú Corolla àsìkò yẹn gan-an, ìyẹn ló jẹ́ kí mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta lè fọwọ́ kàn án láì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ó ń mu ọ́ìlì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ̀ńjìnnì yẹn, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnnì wọn kéré jù. Tó bá dí, ríǹgì á lẹ̀ mọ́bẹ̀, ọ́ìlì á sì máa jó lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn ọ́ìlì kò níṣòro. Ara ni wàhálà. Jẹ́ kí gíláàsì iná iwájú fọ́, wàá wá a dé ọjà Ládipọ̀, ibẹ̀ ni wàá ti rántí pé Toyota ti dáwọ́ ṣíṣe Celica yẹn dúró láti 2006. Abẹ́ rẹ̀ kò sì ga. Gbogbo bọ́m̀pù tó wà láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ìbàrà ló mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ọkùnrin náà ní òun gbọ́. Ó san ìdajì, ó ní òun ó padà wá gbé e lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ku òru ọjọ́ Ẹtì kan péré láti ya fọ́tò ìkẹyìn Adúmáadán.

Ẹ̀yin náà ti rí àwọn fọ́tò òru tí mo ti yà tẹ́lẹ̀: ẹsẹ̀ Olúmọ, iwájú pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, etí afárá Láfẹ́ńwá. Ẹ gbóríyìn fún mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn. Mọ́tò dúdú kì í fi ara rẹ̀ hàn lóru. Ohun tó bá wà ní òdìkejì rẹ̀ ló máa ń fi hàn. Bí pátákó ìpolówó ọṣẹ bá wà níbẹ̀, ọṣẹ lẹ máa rí lára ilẹ̀kùn. Bí iná títì bá jẹ́ méje, méje ni yóò to ara wọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n yéé wá ibi tó lẹ́wà. Ibi tó ṣókùnkùn ni kí wọ́n wá, kí wọ́n gbé iná tiwọn lọ. Ní àdúgbò tiwa, tí a ti ń pariwo iná lójoojúmọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tan iná, tí wọn kò pa á títí ilẹ̀ fi mọ́. A kó ẹrù wa, a kọjá Láderin, a kọjá ibùdókọ̀ ojú irin Wọlé Ṣóyínká, a yà sí ọ̀nà kan tí wọ́n ti dá kọntà sí tí kò sì tíì sílé níbẹ̀. Òjò díẹ̀ ti rọ̀ lálẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò tó yẹ kí òjò sinmi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà tó tutù máa ń fún èèyàn ní mọ́tò kejì lọ́fẹ̀ẹ́, nínú omi ojú rẹ̀.

Ọpẹ́ ńlá lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ́wáyà níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Òun ló lẹ iná LED tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó rí bíi téèpù, mọ́ páìpù omi funfun kan tó ga tó èèyàn, ó fa wáyà rẹ̀ sínú bátìrì ọ̀kadà, ó ní kí Táíwò gbé bátìrì náà sínú báàgì ilé ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀rọ wa nìyẹn, pẹ̀lú kámẹ́rà Canon 600D mi àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, tí mo yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó nísàlẹ̀ ilé wa.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A pa ẹ̀ńjìnnì, nítorí tó bá ń ṣiṣẹ́, ara mọ́tò á máa gbọ̀n, fọ́tò á sì bàjẹ́. A yí táyà iwájú díẹ̀ kí ojú ríìmù lè kọ sí wa. Iná kékeré nìkan la tàn. Iná ńlá á fọ́ gbogbo rẹ̀ lójú. Mo fi kámẹ́rà sí ISO 100, kó má gba iná jù, àti f/8, kí ihò ojú rẹ̀ kéré, á sì la ojú sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Kẹ́hìndé ló ń kà. Bó bá ti ní "ení", Táíwò á gbé páìpù sókè, ju orí mọ́tò lọ díẹ̀, á máa rìn láti imú lọ sí ìdí, láì dúró, láì sáré, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ọgbọ̀n á pé bó bá ti dé ìdí. Ẹni tó wọ dúdú tó sì ń rìn kì í hàn nínú fọ́tò, ìlà iná nìkan ló máa ń hàn, tí yóò nà tààrà lára mọ́tò. Bí Táíwò bá dúró họra, a ó rí i níbi tó ti dúró. Ó họra dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀.

Ẹ wá wò ó láti òkèèrè, kí ẹ tó dá ọlọ́dẹ tó wá bá wa níbẹ̀ lẹ́bi. Àárín òru. Mọ́tò dúdú kan tó dúró nínú igbó. Bàbá kan tó wọ dúdú. Ìbejì. Iná funfun kan tó ń yí mọ́tò ká. Ọmọ kan tó ń ka nǹkan nínú òkùnkùn.

"Ta nìyẹn! Kí lẹ fẹ́ fi àwọn ọmọ yẹn ṣe?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Fọ́tò là ń yà."

"Fọ́tò kẹ̀? Nínú òkùnkùn?"

Kẹ́hìndé kò dákẹ́. "Ọ̀kàndínlógún, ogún, mọ́kànlélógún…" Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Kámẹ́rà ṣì lajú, ni mo bá ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má tanná! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pé ọgbọ̀n!"

Ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe dún létí ọlọ́dẹ. Ó ti fi fèrè sẹ́nu. Ìyá Ìbejì ló yọ wá, ó yọ orí láti fèrèsé mọ́tò, ó ní, "Ẹ kú alẹ́ o, bàbá wa. Ọkọ mi ni. Kò ya wèrè, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo fi ẹ̀yìn kámẹ́rà han bàbá. Ó wò ó, ó wo mọ́tò, ó tún wò ó. Ó ní ta ló gbé iná yẹn nígbà tí kò séèyàn nínú fọ́tò? Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá wọ dúdú tí kò sì dúró lójú kan, kámẹ́rà kì í rí i. Bàbá náà mirí, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí olè gbọ́." Lẹ́yìn náà ló ní kí a ya òun náà, òun àti ìbọn òun, pé òun ó dúró. Ó dúró tí kò mí. N kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tó bẹ́ẹ̀. Bàbá, tí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí fún yín, fọ́tò yín wà lọ́wọ́ mi, mo ti fọ̀ ọ́, n ó mú un wá.

Èyí tó dára jù lọ, a yà á lẹ́yìn tí bàbá lọ. Mo bẹ Ìyá Ìbejì pé kó pa fóònù, nítorí iná fóònù ń bà á jẹ́. Ẹ mọ Ìyá Ìbejì: obìnrin tí kì í jókòó kí ìresì fi jinná. Ó pa fóònù, ó jókòó, kò mira. Ìlà iná bẹ̀rẹ̀ láti orí iná iwájú, ó gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba ilẹ̀kùn òsì, ó ń lọ gbọnrangandan títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ́ díẹ̀, tó sì tún tọ́. Ibi tó tẹ̀ ni. Òpó géètì ni Ìyá Ìbejì fi ilẹ̀kùn gbá nígbà tó ń kọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Nínú gíláàsì, ẹ ó rí ìjókòó mi tó ṣófo, ẹ ó sì rí òun ní ìkejì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nìkan, tó ń wo iwájú.

Mo lè fi kọ̀ǹpútà pa ibi tó tẹ̀ yẹn rẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo ti ṣí fọ́tò náà láti ṣe é, mo tún pa á dé. Mo tún ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀bà. Ẹ̀bà tí mo ń tẹ̀ nílé yìí, àwọn ìbejì ti ń fi ṣe eré ọwọ́. Kẹ́hìndé mọ òkìtì kan, ó ní Olúmọ ni, ó tiẹ̀ fi ẹja gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i.

Oṣù Kẹsàn-án: pápákọ̀ òfuurufú, Ìkẹjà. Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá: mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọbìnrin, Táíwò ní kí n má kọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ pè, ẹ̀yin tí ẹ fi ohun tí n kò lè sọ níbí ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, Ọlọ́run á bá mi san án. Ọmọ Ìbàdàn tó ra Adúmáadán ń ṣe dáadáa, ó máa ń fi fọ́tò gẹ́ẹ̀jì ọ́ìlì ránṣẹ́ sí mi láì jẹ́ pé mo bèèrè. Ó ti fún un lórúkọ mìíràn. N kò ní sọ orúkọ náà níbí.

Nílùú Ọba lóṣù Kejìlá, ilẹ̀ á ti ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì fi fọ́tò kan ránṣẹ́: Celica aláwọ̀ fàdákà, sítíárìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, lábẹ́ iná títì, ó gbọ̀n yánnayànna. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo bá orogún mi pàdé. Òtútù ti sọ ọ́ di funfun." Mo kọ lẹ́tà gígùn padà: kó gbé fóònù ti ògiri, kó fi fóònù sí ìdúró ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà, kó kúrò níwájú iná. Ó dáhùn: "O ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun." Mo bi í. Ó ti jẹun.

Oṣù Kẹsàn-án 2026 ni ẹ̀kọ́ náà yóò parí, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀, àwa méjèèjì kò tíì dá a sọ lórí fóònù, ẹ̀yin náà ẹ bá wa fi í sílẹ̀ ná.

Ní tèmi, n kò ní mọ́tò mọ́, ṣùgbọ́n páìpù wà, bátìrì wà. Bàbá kan wà ní Àdìgbẹ tó ní Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n máa ń tò ní Kàdúná nígbà kan, tó ń ṣíná rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí kì í sì í gbé e jáde. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́ nípa bàbá ìbejì kan tó ń fi iná wẹ mọ́tò lóru lọ́nà Láderin, ṣé èmi kọ́? Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó bá ní mọ́tò tó fẹ́ràn ní Abẹ́òkúta, kó kàn sí mi lọ́dún tuntun: epo lọ́wọ́ yín, iná lọ́wọ́ wa, ẹ wọ dúdú, ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí ọlọ́dẹ àdúgbò yín. Kẹ́hìndé ní òun kò ní ka ọgbọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ o, bisikíìtì ni.