Fún Ẹ̀yin Àbúrò Tó Ń Fi Retinoic Acid Ran Kẹ́mò Lọ́wọ́ Lórí Jẹjẹrẹ Eegun

Ẹ̀yin àbúrò wa ní láàbù, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ wú lè ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kó tó dé ilé ìwòsàn ní Ilọrin. Nígbà náà, osteosarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ eegun, lè ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Doxorubicin, cisplatin àti methotrexate ni òògùn kẹ́mò tí a gbójú lé. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá ti gbóyà sí wọn, tí òògùn kò ràn wọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ di líle. Ìdí nìyí tí èsì láàbù tí kì í ṣe òótọ́ fi burú ju pé kò sí èsì lọ.

All-trans retinoic acid, ATRA, ara fítámì A ló ti wá. Ó ti di òògùn ilé ìwòsàn fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ti eegun ṣì wà ní láàbù.

Ẹ wọn ATRA mílígíráàmù 3, ẹ yọ́ ọ sínú mílílítà 1 DMSO (omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ òògùn): 10 mM (mílímólà) nìyẹn. Ẹ pín in sí ìgò kéékèèké, ẹ fi fóìlì wé e, ẹ gbé e sínú fíríìsà -80°C. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ pa iná orí tábìlì iṣẹ́. Bí ẹ bá bù ú sí ọ̀nà 1,000, 10 µM (máíkírómólà) ló kù, DMSO á sì jẹ́ 0.1%. Sẹ́ẹ̀lì tí kò gba ATRA gbọ́dọ̀ gba DMSO iye kan náà. Cisplatin ńkọ́? Ẹ má fi DMSO yọ́ ọ láé. DMSO ń so mọ́ platinum inú cisplatin, agbára òògùn á lọ. Omi iyọ̀ 0.9% ni tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. ATRA máa ń dín bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín kù. Ẹ fún wọn ní ATRA, ẹ fi doxorubicin tẹ̀ lé e, MTT (àyẹ̀wò aláwọ̀ tó ń fi iye sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè hàn) wá lọ sílẹ̀, inú yín dùn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ti kéré kí doxorubicin tó kàn wọ́n! Bí wọn kò bá sì pín dáadáa, ó lè ṣòro fún doxorubicin láti pa wọ́n. Torí náà, ẹ fún wọn ní ATRA fún wákàtí 72 nínú fláàsì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ń tú u palẹ̀. Ẹ fi trypsin tú wọn kúrò lára fláàsì, ẹ fi trypan blue (àwọ̀ tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú) ka àwọn tó wà láàyè, kí ẹ wá gbìn 3,000 sí ihò awo kọ̀ọ̀kan, kí ìhà méjèèjì, ti ATRA àti ti DMSO, dọ́gba. Ó di ọjọ́ kejì kí doxorubicin tó wọlé, láti 0.01 dé 10 µM, fún wákàtí 48. Ẹ ya awo kan sọ́tọ̀ tí ẹ ó kà ní wákàtí tí òògùn wọlé, kí ẹ lè mọ iye sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan, ihò tirẹ̀ tí kò gba doxorubicin ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ kò gbọdọ̀ yá ti ẹnìkejì. Bí IC50 (ìwọ̀n doxorubicin tó ń dín sẹ́ẹ̀lì kù sí ìdajì) bá ṣì lọ sílẹ̀ ní ìhà ATRA, mo lè gbà pé ATRA ràn án lọ́wọ́.

Doxorubicin pupa, ó ń kó bá kíkà MTT: ẹ fi PBS (omi iyọ̀ tí kò ń pa sẹ́ẹ̀lì lára) ṣan án kúrò, ẹ sì ní ihò tó ní òògùn láìní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má gbin nǹkankan sí ihò etí awo, omi ibẹ̀ ń gbẹ. PBS ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má pààrọ̀ ìgò serum (omi inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì) láàárín iṣẹ́, albumin inú rẹ̀ ń di ATRA mú. Bí iná bá lọ tí incubator (àpótí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé) kúrò ní 37°C, ẹ kọ àkókò sílẹ̀, ẹ da awo náà nù. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì osteosarcoma tí a ń lò ní láàbù, Saos-2 kò ní p53 (jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ), U2OS ní in, ẹ dán méjèèjì wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bí mọ̀lẹ́bí aláìsàn bá gbọ́ pé fítámì ni ẹ ń ṣiṣẹ́ lé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ra kápúsù fítámì A, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró. Kápúsù yẹn kì í ṣe ATRA. Bó bá pọ̀jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ba oyún inú jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà tó ń fún ọmọ náà ní kẹ́mò, kí wọ́n má sì fo ọjọ́ òògùn kankan.