Fáìlì máàkì JSS 2: ibi tí mo bá a dé

Alẹ́ kìíní
Ó ti pẹ́ tó ń wù mí kí n kó máàkì kíláàsì mi kúrò nínú ìwé ńlá bọ́ sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to nǹkan sínú àpótí, tó sì ń ṣe ìṣirò. Ọmọ 48 ni wọ́n, Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn. Nọ́mbà wà ní column (òpó) A, orúkọ ní B, test méjèèjì (20, 20) ní C àti D, ìdánwò (60) ní E, àpapọ̀ ní F. SUM, àṣẹ ìròpọ̀ Excel, bá mi ro gbogbo rẹ̀ kí n tó mu omi tán.

Alẹ́ kejì
Mo fẹ́ to orúkọ. Column orúkọ nìkan ni mo mú, mo tẹ Sort. Excel bi mí bóyá kí òun kó ìyókù mọ́ ọn. Mi ò fara balẹ̀ kà á, mo ní kó máa lọ. Orúkọ tò lóòótọ́, àmọ́ máàkì ò kúrò lójú kan. Ọmọbìnrin kan wà tí àìsàn ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Mo rí 54 níwájú orúkọ rẹ̀. Àyà mi já. Ta ló ni 54 yẹn? Kíá ni mo tẹ Ctrl+Z tó ń dá nǹkan padà, gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Ká ní mo ti pa fáìlì náà dé ni, màá tún kó ìwé ìdánwò 48 sílẹ̀ ni. Mo wá fi Ctrl+T sọ ọ́ di Table. Ní báyìí, ibi tí orúkọ bá lọ ni máàkì ń bá a lọ.

Alẹ́ kẹta
Ipò ló kàn. Mo kọ =RANK(F2,F2:F49), ìyẹn ni pé kó wá ipò F2 láàárín àpapọ̀ F2 sí F49, mo fà á dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó gba 31, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ló di ẹni àkọ́kọ́! Bí mo ṣe ń fà á ni F2:F49 ń di F3:F50, F4:F51, títí tó fi ku ọmọ yẹn nìkan nínú àwọn tó ń fi wéra. Àmì dọ́là ló dè é mọ́lẹ̀: F$2:F$49.

Alẹ́ kẹrin
Èyí ló ká mi lára jù. Excel ń fi Gbénga ṣáájú Gẹ̀lẹ́, ó sì ń da Ṣ pọ̀ mọ́ S. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni GB, pé lẹ́yìn G ló wà, ṣé ó wá yẹ kí n lẹ ìwé tó tò báyìí mọ́ ògiri kíláàsì? Mo ṣí column tuntun, mò ń fi nọ́mbà lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, 1 sí 25: G ni 7, GB ni 8, S ni 20, Ṣ ni 21. Nọ́mbà yìí ni màá kọ́kọ́ fi tò ó, kí n tó fi orúkọ tò ó. Mo ti ṣe ti ọmọ 29. Ó ku 19.