Àyẹ̀wò ọdún: ìkọ́kọrẹ́ kò kúrò nílé, epo ló dín kù

Oṣù Ọ̀pẹ rèé, kálukú ti ń ṣírò ohun tí ọdún mú wá àti ohun tó mú lọ. Ọ̀rọ̀ ikùn ni tiwa: oúnjẹ tí à ń jẹ ní Ẹ̀pẹ́, ara tí a fẹ́ kó fúyẹ́, àti ohun tí a rí pé ó ṣeé gbé lé láàárín méjèèjì.

Ẹni tó bá fi oṣù Ṣẹ́rẹ́ búra pé ẹ̀bà dèèwọ̀, pé òun àti dọ̀dọ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, kì í sábà gbé ìbúra náà dé oṣù Ẹrẹ́nà. Ohun tí ọ̀fun fẹ́ràn kì í gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọjọ́ tó bá padà, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni yóò jẹ nínú ọjọ́ kan, ìtìjú á sì mú kí onítọ̀hún pa gbogbo ètò tì. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún yìí ni pé kí oúnjẹ tí a fẹ́ràn wà nínú ètò. Kó ní ọjọ́ tirẹ̀, kó ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí a sì wá ihò tí ọ̀rá ń gbà wọ inú rẹ̀, kí a dí i.

Ihò yẹn kì í sí níbi tí ọ̀pọ̀ ń wò. Òkèlè ni wọ́n ń bá jà, wọ́n á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Gíráàmù kan èròjà afúnnilókun, irú èyí tó wà nínú gàrí àti iṣu, ń fún ara ní kálórì 4; kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ti amáradàgbà inú ẹja, 4 náà ni. Ti ọ̀rá, 9. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa, ìyẹn mílílítà 15, tó kálórì 120. Ṣíbí tí a fi ń bu ọbẹ̀ sì sábà gba ṣíbí ìjẹun mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó bá da ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí ìkòkò ti da kálórì 1,440 sí i ó kéré tán, kó tó wá sọ pé kó pọ́n díẹ̀ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Òróró inú ike tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní kolẹ́sítéró kò yọ ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òróró tó bá ti ara èso tàbí hóró wá kì í ní kolẹ́sítéró tó tó nǹkan, epo pupa náà bẹ́ẹ̀. Kálórì wọn dọ́gba, ṣíbí sí ṣíbí.

Ẹ wá fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò ara. Kílò kan ọ̀rá ara tó kálórì 7,700. Tí a bá dín oúnjẹ òòjọ́ kù pẹ̀lú kálórì 500, ó máa gba bí ọjọ́ 15 kí kílò kan tó lọ, ìyẹn bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Ṣíbí epo mẹ́rin jẹ́ kálórì 480. A lè rí gbogbo ohun tí à ń wá lórí epo nìkan, kí ẹ̀bà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìkọ́kọrẹ́ ni a fi dán an wò jù, nítorí òun ni oúnjẹ tí ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ òun, a kò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbà. Ìkòkò ènìyàn márùn-ún nìyí. Ewùrà kílò kan, lẹ́yìn tí a ti bó o. Ẹja tútù gíráàmù 500, àrọ̀ tàbí òbọ̀kún, kí wọ́n gé e sí márùn-ún. Tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo bí ẹnu bá ṣe gbà á, àlùbọ́sà ńlá méjì, ẹja gbígbẹ kan tí a ti yọ eegun rẹ̀, edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan. Epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́ta péré, ṣíbí gidi, kí a má ṣe fi ojú wọn ọ́n.

Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àrọ̀ inú adágún ọ̀sìn máa ń ní ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ìfun rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dì í: «Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ̀rá ikùn rẹ̀ dànù.» Tí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ẹja náà tutù, ọ̀rá á léfòó sókè, ẹ fi ṣíbí ré e kúrò. Ní ti ewùrà, ẹ ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Èyí tí omi ń sun lójú ibi tí wọ́n gé kò tíì gbó, kò ní dì nínú ìkòkò.

Ẹ bọ ẹja fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ kó o sọ́tọ̀, ẹ tọ́jú omi rẹ̀. Ẹ se ata tí ẹ lọ̀ títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, láìsí epo. Ọ̀pọ̀ ń fi epo púpọ̀ dín ata nítorí pé omi ṣì wà nínú rẹ̀, ó ń ta, ó sì ń kan. Tí omi bá ti gbẹ tán, ṣíbí epo méjì á dín in dáadáa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi ẹja bíi lítà kan sí i, ẹ kó edé àti ẹja gbígbẹ sí i, kó hó.

Nígbà tó bá ń hó ni kí ẹ rin ewùrà, lójú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ohun tí a fi ń rin ilá. Kí ẹ má rin ín sílẹ̀ tipẹ́, á dúdú, á sì máa yọ omi. Ó máa ń yún ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ pò ó pẹ̀lú iyọ̀ fífín, ẹ máa fi ìka já a sínú ọbẹ̀ ní kókókókó, ẹ dé e, ẹ dín iná kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣíbí kàn án. Ẹni tó bá tètè rò ó á sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rò ó ní ìdajì kí kókó ṣẹ́kù, ẹ tún fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ da ṣíbí epo kẹta yíká ojú rẹ̀, kí ẹ dá ẹja padà. Ṣíbí tó kẹ́yìn yìí ni ojú ń rí tí imú sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìkòkò á pọ́n bí ẹni pé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀.

Epo kékeré ní ìyọnu tirẹ̀. Ìdí ìkòkò máa ń jó, nítorí epo ló ń jẹ́ kí ewùrà yọ̀ kúrò lára irin. Ìkòkò onídìí nípọn àti iná kékeré ló ń tán èyí. Tó bá jẹ́ iná èédú, ẹ kó ìdajì èédú kúrò. Ìyọnu kejì ni pé adùn lè dínkù. Ẹ má ṣe fi mágì dí àlàfo yẹn. Iyọ̀ wà nínú mágì, iyọ̀ á sì di omi mú sínú ara, òṣùwọ̀n á sì fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó rò pé ẹ ti sanra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Edé tí a yan fẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó lọ̀ ọ́, àti ẹja gbígbẹ tó dára, ló ń ṣe iṣẹ́ tí mágì ń ṣe.

Abọ́ kan nínú márùn-ún yìí tó bíi kálórì 450, pẹ̀lú ẹja rẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣíbí ọbẹ̀ méjì ni epo rẹ̀, abọ́ kan náà á di 660 sókè. Ewùrà kan náà ni, ẹja kan náà ni.

Ẹ̀bà tútù wá ńkọ́? A mọ̀ pé àwọn kan kò gbà pé wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ àfi tí ẹ̀bà àná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí méjèèjì pín àyè kan náà: ìdajì abọ́ ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ẹja tó pé, àti ẹ̀bà tí a fi gàrí gíráàmù 40 tẹ̀, ìyẹn bíi kálórì 140.

Gàrí gbígbẹ ni kí a máa wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀bà, nítorí omi ń yí ìwọ̀n ẹ̀bà padà lójoojúmọ́. Gíráàmù 100 rẹ̀ tó bíi kálórì 350. Gíráàmù 80 tó fún oúnjẹ ọ̀sán kan. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kó mú ife rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fi máákà fa ìlà sí ibi tí gàrí dé. Ìlà yẹn wúlò ju ìpinnu lọ. Gàrí mímu ló ń tan ènìyàn jẹ jù, torí a kì í kà á sí oúnjẹ: gàrí gíráàmù 60, ẹ̀pà gíráàmù 30, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta, kálórì 430 ti pé. Ó dára, kò sí ohun tó ṣe é, kó ṣáà jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ìpanu lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Fún dọ̀dọ̀ àti àkàrà, ọ̀nà kan wà tí kò ṣeé já ní koro. Ẹ fi ṣíbí wọn òróró kẹ́ ẹ tó dà á sí àwo ìdínǹkan. Tẹ́ ẹ bá dín in tán tó sì tutù, ẹ tún wọn èyí tó kù. Èyí tó sọnù ló wà nínú ikùn. Òróró tí kò gbóná tó ló ń wọ inú oúnjẹ jù: tí ẹ bá ju ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i tí kò hó yí i ká lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró. Kí ẹ má sì kó o kún àwo, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan á sọ òróró di tútù. Ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ dọ̀dọ̀, bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan wà. Ẹ̀wà tí à bá fi dín àkàrà sì lè di mọ́ínmọ́ín.

Ọdún Káyókáyọ̀ tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, ṣe dé sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851 ti sọ tẹnu rẹ̀ nínú orúkọ: ká yó, ká yọ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ Kérésì tó ń bọ̀ yìí. Ọjọ́ kan kì í sọ ènìyàn di sísanra, àjẹkì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹyin méjì tàbí ẹ̀wà díẹ̀, torí ẹni tí ebi ń pa dé òde àríyá kì í yan oúnjẹ. Lóde, ẹ mú ẹyọ kan tí ẹ fẹ́ràn jù, ìrẹsì tàbí iyán, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ohun mímu ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ìgò tí wọ́n bá kọ sí lára pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100 rẹ̀, tó sì gba mílílítà 500, ṣúgà ṣíbí tíì méjìlá àti àbọ̀ ló wà níbẹ̀, kálórì 200, kò sì dín ebi kù. Mọ́ọ̀tì náà, ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Ìgò ńlá bíà kan ń lọ sí 250.

Ohun kan wà tí inú wa kò dùn sí lọ́dún yìí, òun ni tíì ìfọnú tí wọ́n ń tà kiri fún àwọn tó fẹ́ fọn. Ewé tó ń mú ni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ìfun ńlá ni ewé yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ìfun kékeré sì ti gba kálórì oúnjẹ tán kó tó débẹ̀. Omi ló ń jáde, pẹ̀lú iyọ̀ tí ọkàn ń lò láti máa lù déédéé. Òṣùwọ̀n á sọ pé kílò kan àti àbọ̀ ti lọ, omi tẹ́ ẹ mu lọ́jọ́ kejì á dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọdé tàbí aboyún ní irú rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dédé ké oúnjẹ kù láìbá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Aboyún kì í ṣe ẹni tó ń dín ara kù.

Òṣùwọ̀n: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, lórí sìmẹ́ńtì tàbí táìsì, kì í ṣe lórí rọ́ọ̀gì. Kí àwọn obìnrin má ṣe ba ọkàn jẹ́ lọ́sẹ̀ tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, omi ló ń dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó yá kánkán, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ náà. Téèpù aránṣọ a máa sọ òtítọ́ tí òṣùwọ̀n ń fi pamọ́: ẹ wọn ikùn yíká, lókè egungun ìbàdí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Sẹ̀ńtímítà 80 sókè fún obìnrin, 94 sókè fún ọkùnrin, ewu ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Tí ìwọ̀n bá sì dúró lójú kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ara tó ti fúyẹ́ kò ná kálórì tó tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹ yọ ṣíbí epo kan sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un.

Ìkòkò ọdún Kérésì tó ń bọ̀ yìí máa ṣẹ́kù, ó dájú. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó jẹun ni kẹ́ ẹ ti bu àṣẹ́kù sínú ike kéékèèké, oúnjẹ ẹnì kan nínú ike kan, kó tutù, kó wọ fíríìjì. Ìkọ́kọrẹ́ inú ike á le bí òkúta tó bá mọ́jú. Ẹ máa fi omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin rò ó lórí iná kékeré. Ẹ má fi epo rò ó.