Omi Ẹsẹ̀ Tí Símónì Kò Bù

Ọjọ́bọ̀, ní alẹ́.

Mo jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ yìí láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe àdúrà. Mo wo ìwé kékeré kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, níbi tí mo ti máa ń fa ìlà kan fún gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Láti ọjọ́ Ajé, ìlà kan péré ni mo rí fà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ìtìjú náà wò dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe irú èyí tó ń mú ọmọ tí kò bẹ bàbá rẹ̀ wò. Ìtìjú onígbèsè ni, ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí olówó má baà rí i.

Ọkàn báyìí ni mo fi ṣí Bíbélì sí Lúùkù orí 7, níbi tí kíkà mi dé. Farisí kan tí ń jẹ́ Símónì pe Jésù wá jẹun nílé rẹ̀, obìnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ sì wọlé pẹ̀lú ìgò alabásítà tí òróró ìkunra wà nínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Olúwa, ó sunkún títí omijé rẹ̀ fi rin ẹsẹ̀ náà, ó fi irun orí rẹ̀ nù ún, ó fi ẹnu kò ó, ó sì fi òróró kùn ún. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Símónì ni ó ń sọ̀rọ̀, nínú ara rẹ̀.

Jésù wá sọ fún un nípa ayánilówó kan tí ènìyàn méjì jẹ lówó, tí ọ̀kan jẹ ẹ́ ní owó idẹ 500, tí èkejì sì jẹ ẹ́ ní 50. Ní Mátíù orí 20, owó idẹ kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe, nítorí náà gbèsè ẹni àkọ́kọ́ tó iṣẹ́ ọdún kan àti ààbọ̀, ti èkejì kò sì ju iṣẹ́ nǹkan bí oṣù méjì lọ. Ohun tí mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ni kò ní ohun tí wọn yóò fi san án. Ẹni tó jẹ 50 lè máa fojú di ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò tirẹ̀ náà gbẹ.

Ẹsẹ 47 ni ó dá mi dúró jù. Jésù ní a dárí ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà tó pọ̀ jì í, nítorí tí ó ní ìfẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka “nítorí” yẹn bí ẹni pé omijé àti òróró ni ó fi ra ìdáríjì, ṣùgbọ́n òwe tí Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tán kò gba ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí ayánilówó ti fagi lé gbèsè àwọn méjèèjì ni Jésù tó béèrè èwo nínú wọn ni yóò fẹ́ràn ayánilówó náà jù. “Nítorí” náà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jí, tó ní òjò ti rọ̀ mọ́jú nítorí pé ilẹ̀ tutù. Ilẹ̀ tútù kọ́ ni ó fa òjò.

Bákan náà ni Pọ́ọ̀lù ṣe nínú ìwé Róòmù. Orí 11 gbáko ni ó kọ kí ó tó bẹ àwọn ará pé kí wọ́n fi ara wọn fún Ọlọ́run ní ẹbọ ààyè, àánú Ọlọ́run ni ó sì fi bẹ̀ wọ́n. Ó ti sọ ní orí 5 pé nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Kò sí ìlà kankan lára ògiri ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ kí èmi lè parí tèmi, nígbà tí agbára àwọn òbí wa kò gbé àwa méjèèjì. Nígbà tí mo gba owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo ka iye kan sọ́tọ̀, mo gbé e lọ bá wọn, mo sì ní kí wọ́n máa gba irú rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi pé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Títí kí ni yóò fi pé?” N kò rí èsì fọ̀. Owó náà kò bí wọn nínú. Ọ̀rọ̀ “pé” yẹn ni ó dùn wọ́n, nítorí pé ẹni tó bá san gbèsè tán kò nídìí láti padà sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó yá a lówó. Mo ṣì ń fún wọn ní nǹkan títí dòní, mo sì ń bẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n n kò kà á mọ́. Ọlọ́run nìkan ni mo wá ń fa ìlà fún.

N kò sọ pé ètò kò dára o. Ẹni tí kò ní àkókò àdúrà kì í sábà gbàdúrà. Símónì náà ṣètò: ó pe àlejò, ó sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Omi ẹsẹ̀ ni kò bù, kò fi ẹnu kò ó, kò sì fi òróró kùn ún lórí. Mo rò pé kì í ṣe ahun. Kò kàn mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan ni. Èmi ẹ̀wẹ̀ mọ̀ pé mo jẹ, mo sì ń sá. Àwa méjèèjì kò tíì gbọ́ pé a ti fagi lé e.

Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọwọ́ mi lọ́ra díẹ̀, nítorí mo ti fẹ́ràn àwọn ìlà náà, pàápàá ti oṣù tó kọjá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan. Mo dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí Ó ti dárí rẹ̀ jì mí, èyí tí n kò ní kọ síhìn-ín, mo sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.